Tòmátì Márùn-ún Lórí Àwo

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí ní oṣù Kẹta ọdún 2018, tí mo dáhùn ní wàràwàrà, tí ìdáhùn náà kò sì jẹ́ kí n sinmi fún ìgbà pípẹ́. A ń ti ìpàtẹ irè oko kan bọ̀ nínú ọkọ̀ akérò. Àwo funfun tí a fi gbé tòmátì lọ wà ní orí itan ọmọ náà, ìwé ẹ̀rí ipò kìn-ín-ní sì wà ní ọwọ́ mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé irọ́ ni mo pa fún wọn?” Mo ní, “Rárá o.” Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ títí a fi wọ Ṣakí.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè máa wí nínú ara yín pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú tòmátì. Ní Òkè-Ògùn, ẹni tí kò bá ní oko yóò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ní in, olùkọ́ tí ó bá sì mọ ọkọ́ dì mú kì í pẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ̀ ọ́n. Oko ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́. Ètò bíbọ́ orílẹ̀-èdè tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1976 tún ta á jí, ìgbà tí a kò tíì bí irú èmi. Nígbà tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa wá ẹni tí yóò bá a bójú tó ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, èmi ni ó nàka sí.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Bí a bá dárúkọ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèihò, Kíṣí tàbí Ìgbòho fún ará Ìbàdàn, iṣu àti èlùbọ́, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí, àti aṣọ òfì ti Ìsẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa a máa gbin ata àti tòmátì pẹ̀lú. Tòmátì ìgbà òjò kò ní ìṣòro omi. Àrùn ni ìṣòro tirẹ̀. Ewé rẹ̀ a máa ní àmì dúdú, igi mìíràn a sì rọ ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé a da omi gbígbóná sí i nídìí, kò sì ní dìde mọ́. Tòmátì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àrùn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó bọ́ sọ́wọ́ òùngbẹ. Àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn a máa fà títí wọn yóò fi di kòtò omi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì ní àkókò ọyẹ́ fi ń wá àkùrọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àkùrọ̀ kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé.

Irúgbìn tiwa wá láti orí àtẹ ìyá àgbà ọmọbìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Aláta ni ìyá náà, ó sì ti ń ta ata àti tòmátì kí n tó dé ayé. Ó ṣa mẹ́fà tí ó pọ́n dáadáa, ó fún omi àti kóró wọn sínú abọ́, ó bò ó, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi ń rùn tí ó sì ń hó díẹ̀díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di imú. Ìyá ṣàlàyé fún wọn pé ohun yíyọ̀ tí ó bo kóró náà kì í jẹ́ kí ó tètè hù, àfi bí ó bá jẹrà kúrò. Ó fọ̀ wọ́n, ó sì sá wọn sórí bébà ní abẹ́ ibòji. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni a gbìn wọ́n sí nọ́sìrì, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòrí fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti ń yọrí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a lọ́ 40 nínú wọn láti nọ́sìrì sí ebè ní àkùrọ̀. A fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 sí àárín igi kan àti èkejì, a fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí ìdí wọn, a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ tán. Mo ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ó lè yé yín pé iṣẹ́ náà dára. Ogójì igi ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2018 ni ìwé ìpàtẹ dé. Òfin tí ó wà fún tòmátì kò ju ìlà mẹ́rin lọ: kí èso márùn-ún wà lórí àwo funfun, kí wọ́n bára mu ní títóbi, ní ìrísí àti ní àwọ̀, kí awọ wọn má ní àpá tàbí ojú sísán, kí ewé wínníwínní tí ó wà ní orí èso ṣì wà níbẹ̀ ní tútù. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìpàtẹ ohun ọ̀gbìn yóò mọ ibi tí irú òfin báyìí ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Royal Horticultural Society lónìí sílẹ̀ ní ọdún 1804, tí National Vegetable Society sì dìde ní ọdún 1960, àwọn onídàájọ́ kì í fi títóbi nìkan gbé tòmátì ga. Bíbára mu ni wọ́n ń wá, àti dídán, àti àìlábàwọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tí ń díje lórí ìwúwo: ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2022, wọ́n gbé tòmátì kan ṣoṣo sórí òṣùwọ̀n, ó sì ju kílógíráàmù 4.5 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn oríṣi méjèèjì ń gbà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀nà náà ni ọ̀bẹ.

Igi tòmátì kì í so èso tí ó bára mu. Ìka ọwọ́ pàápàá kò dọ́gba. Oúnjẹ tí ewé ń sè nínú oòrùn ni gbogbo èso orí igi ń pín jẹ. Bí ẹnu bá pọ̀, òkèlè a kéré. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí èso díẹ̀ tóbi kí wọ́n sì jọ ara wọn ní láti dín àwọn tí ń bá wọn jẹun kù. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo gé àwọn ẹ̀ka tí ń yọ ní ìyànà ewé, mo gé orí igi kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó ti ní ṣírí mẹ́ta, mo sì fi èso méjì péré sílẹ̀ nínú ṣírí tí ó ní mẹ́fà tàbí méje.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ohun kan ṣáájú ọ̀bẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, omi ẹ̀yìnkùlé wa fà. Àwọn ọmọ ń pọn omi ní àràárọ̀ kí aago ìpéjọ tó lù, ohun tí wọ́n ń rí kò sì tó igi 40. Mo yan igi 12 tí ó dára jù lọ, mo so àkísà pupa mọ́ wọn, mo sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má da omi sí ìdí igi tí kò ní àkísà. Igi 28 ni a fi lé ọyẹ́ lọ́wọ́. Wọn kò kú ní ọjọ́ kan. Ewé wọn kọ́kọ́ ká kò, òdòdó wọn rẹ̀ dànù, àwọn èso tí ó ti yọ sì ní egbò dúdú ní ìdí, bí èso tòmátì ti máa ń ṣe bí omi bá ń ṣe ségesège. Àwa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú garawa ní ọwọ́.

Ọmọbìnrin náà ni ó ń ṣa àwọn èso tútù tí ọ̀bẹ mi ń gé bọ́ sílẹ̀. Wọ́n lé ní 140. Ó gbé wọn lọ sílé nínú garawa, ó rò pé bí a bá tọ́jú wọn, wọn yóò pọ́n. Ṣùgbọ́n èso tí a gé ní kékeré báyẹn kì í pọ́n, gbígbẹ ni ó ń gbẹ. Ìyá àgbà rẹ̀ wo inú garawa, ó ní, “Ta ni ó ṣe irú èyí ní ìgbà ọyẹ́?” Ọmọ náà ni ó wá sọ fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín. N kò rántí nígbà náà pé kò tíì pé ọdún méjì tí tòmátì di ohun tí tálákà ń wò lókèèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìhà Àríwá débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì gbówó lórí títí dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Aláta tí ó la ìgbà yẹn kọjá kò lè wo garawa èso tí a gé dànù bí èmi ti ń wò ó.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: àwo wa dára. Àwọn tòmátì márùn-ún náà jọ ara wọn bí ọmọ ìyá kan tí a bí ní ọjọ́ kan, wọ́n ń dán, ewé orí wọn sì tutù yọ̀yọ̀. Onídàájọ́ jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ó mọ ilẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan wò pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó yí i po, ó wá bi ọmọbìnrin náà pé, “Igi mélòó ni ẹ lọ́, ọmọ mi, kí ẹ tó rí irú èyí nínú ọyẹ́ yìí?” Ọmọ náà wò mí. Èmi ń wo àwo. Ó ní, “Méjìlá, sà.” Bàbá mi orí, ó yíjú sí àwọn tí ó wà nítòsí, ó ní, “Ẹ gbọ́. Igi méjìlá péré. Àkùrọ̀ yín lè ṣe é.” Olùkọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn yọ ìwé pélébé láti inú àpò, ó sì kọ iye náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣé irọ́ ni ọmọ yìí pa?

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sábà máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Irọ́ ń ti ẹnu jáde. Ẹ̀tàn lè wà níbi tí ẹnu kò ti sọ ohunkóhun, nínú bí a ti to nǹkan. Àbòsí sì ń gbé inú, ẹni tí ó ní in nìkan ni ó mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò mọ̀ pé a máa ń la ọ̀rọ̀-ìṣe náà, tàn jẹ, sí méjì, tí a ó fi ẹni tí ọ̀ràn kàn sí àárín: ó tan Olú jẹ. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní gírámà yìí kí n tó bi ara mi léèrè pé kí ni jíjẹ ń wá níbẹ̀. Àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú wa mọ̀ pé nínú ẹ̀tàn, nǹkan ẹnìkan ni a jẹ.

Ẹ wo ìyá aláta fúnra rẹ̀. Ó to àtẹ rẹ̀, èyí tí ó dán wà ní òkè, èyí tí ó rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mọ àṣà ọjà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, tí ó ń yí i wò, tí ó ń béèrè èènì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó tí a fi làálì àti tìróò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé báyẹn ni ó ti ń jí ní àràárọ̀. Àwo ìpàtẹ náà ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èso márùn-ún tí ó dọ́gba mọ̀ pé a ṣà wọ́n ni. Ẹ̀ṣọ́ kì í di ẹ̀tàn nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ó di ẹ̀tàn nígbà tí ẹnìkan ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tí a sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Onídàájọ́ yẹn ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ wa nígbà tí ó béèrè iye igi. “Méjìlá” ni a fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nítorí náà irọ́ ni. Ọmọ náà ni ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ? Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo ti ń pe igi 12 ní “oko wa”. Nígbà tí a bá ń ka igi, àwọn 12 ni a ń kà. Nígbà tí alejò bá wá, ibi tí àkísà pupa wà ni a ń mú un lọ. N kò sọ fún ọmọ kankan pé kí ó purọ́. Mo kàn mú iye kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa títí tí kò fi sí mọ́. Bí ẹ bá ní kí n wá ẹni tí a jẹ nǹkan rẹ̀ nínú ẹ̀tàn yìí, mo lè tọ́ka sí méjì: olùkọ́ tí ó kọ 12 sínú ìwé rẹ̀ lọ sí oko tirẹ̀, àti ọmọ tí ó wò mí kí ó tó dáhùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Kò gbà fún mi. Ó ní, “Àbúrò, bí kò bá sí ẹni tí ó ń yàn, tòmátì wo ni ìwọ ìbá rí gbìn?” Ó rán mi létí pé tòmátì inú igbó, ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tí ó ti ṣẹ̀, kò ju orí ìka lọ, pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ń yan èyí tí ó tóbi láti ìran dé ìran, pé tomatl ni wọ́n ń pè é kí àwọn ará Sípéènì tó gbé èso àti orúkọ rẹ̀ kọjá òkun ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí orúkọ náà fi dé ẹnu wa bí tòmátì. Ó ní ibùdó ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún fi ọ̀kan kún un, èyí tí ó wọ̀ mí lára jù: “Omi igi méjìlá ni o ní. Bí o bá pín in fún ogójì, gbogbo rẹ̀ ni ìbá kú. Ṣé ìyẹn ni òdodo?”

Mo gbà fún un lórí omi. Títí di òní mo rò pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, n ó tún yàn, inú mi kò sì ní dùn. Àìtó kì í bi ènìyàn bí ó bá fẹ́ yàn. Ṣùgbọ́n ti ọ̀bẹ yàtọ̀. Kò sí ọ̀dá tí ó ní kí n gé èso 140. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn ìbá pọ́n ní kékeré, ní gbọ́ngbọ́n, ní wíwọ́, ìyá aláta ìbá sì rí wọn tà, ẹlòmíràn ìbá rí wọn lọ̀. Ojú onídàájọ́ nìkan ni mo gé wọn fún. Bí àgbẹ̀ bá dín irúgbìn kù ní nọ́sìrì, ohun tí ó kù yóò mú kí oúnjẹ pọ̀ sí i. Bí mo ti dín èso kù lórí igi, oúnjẹ ni ó dín kù.

Ní ti yíyàn fún irúgbìn, ẹ̀gbọ́n mi sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò bá ohun tí mo ṣe mu. Lẹ́yìn ìpàtẹ a mú kóró inú tòmátì márùn-ún náà, a ṣe é bí ìyá ti kọ́ wa, a sì gbìn ín ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró mìíràn tí a rà lórí àtẹ ìyá. A kò gé èso kankan lórí wọn. Nígbà tí wọ́n pọ́n, kò sí ẹni tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ṣe kàyéfì, ẹ̀gbọ́n mi sì rẹ́rìn-ín mi, nítorí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀: títóbi àwọn tòmátì orí àwo kò ti inú ìran wọn wá, láti inú ebi àwọn yòókù ni ó ti wá, ọ̀bẹ kì í sì í wọ inú kóró.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Nínú igi 28 tí a kò bomi rin, ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun ebè tí ó kọ̀ láti kú. Ewé rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò wọ́. Ó so mẹ́jọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ́n, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní egbò ní ìdí. Bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin ju ibòmíràn lọ. Bóyá ohun kan wà nínú ìran rẹ̀ tí ó fara da ọyẹ́. A kò lè mọ̀ mọ́, nítorí àwọn ọmọ já wọn jẹ ní ọjọ́ kan tí a ń pọn omi, kò sì sí ẹni tí ó tọ́jú kóró kan. Bí ó bá jẹ́ irúgbìn ni mo ń yàn fún lóòótọ́, igi yẹn ni ìbá yẹ kí n kọ́kọ́ dán wò. Ẹni tí ń yàn fún irúgbìn a máa wo gbogbo oko. Ẹni tí ń yàn fún àwo a máa wo àwo.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni mo yan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin fún ìdíje àròkọ Yorùbá. Mo ń kọ́ wọn ní ọ̀sán, ní wákàtí tí ó yẹ kí n máa fi ṣe àtúnyẹ̀wò fún gbogbo kíláàsì. Wọ́n ṣe dáadáa. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn mẹ́rin yẹn ni a ń dárúkọ. Ọmọ kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onílù, tí ó lè ka oríkì ìdílé mẹ́ta láìdánu dúró, tí kò sì mọ ibi tí a ń fi àmì ohùn sí. N kò fún un ní omi. Gbogbo wa sì ti gbọ́ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí ń yọ orúkọ àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò ràn kúrò nínú ìwé ìdánwò àṣekágbá, kí iye àwọn tí ó yege nínú ọgọ́rùn-ún lè ga. Wọn yóò gbé iye náà sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Òbí tí ó ń kọjá yóò kà á. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé, nínú mélòó?

Ẹnìkan lè sọ pé àfiwé yìí ti kọjá ààlà, pé tòmátì kì í sunkún, pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe èso. Mo gbà. Tòmátì tí a gé kò mọ̀ pé a gé òun. Ọmọ mọ̀. Ó mọ̀ ní ọjọ́ tí a bá ti so àkísà pupa mọ́ ẹlòmíràn.

N kò sọ pé kí a má ṣe ìdíje. Mo fẹ́ràn ìpàtẹ. Ohun tí àwọn ọmọ kọ́ nípa ilẹ̀ ní oṣù mẹ́rin yẹn ju ohun tí ìwé lè kọ́ wọn ní ọdún kan. N kò sì sọ pé kí a fi tòmátì wíwọ́ sórí àwo kí a wá máa pe ìyẹn ní òtítọ́. Ohun tí mo rí kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá dáhùn pé, “Ogójì ni a lọ́, sà; omi kò tó, a yan méjìlá, a sì gé èso púpọ̀,” àwo náà ìbá ṣì wà bí ó ti wà, ó sì ṣeé ṣe kí a gba ipò kìn-ín-ní. Olùkọ́ tí ó ń kọ̀wé ìbá kọ ohun tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wa àti òdodo, èmi ni ó sì yẹ kí n ti kọ́ ọ ní gbólóhùn náà kí a tó kúrò nílé.

Ní ọdún 2019, ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọbìnrin náà ń parí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Mo ní ìbéèrè kan wà tí ó bi mí nínú ọkọ̀ tí mo dáhùn ní òdì. Mo ní, “Irọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín.” Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Mo mọ̀, sà. Ogójì ni ó wà ní ẹnu mi.”

Ìwé ẹ̀rí náà ṣì wà lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́, nínú gíláàsì. N kò ní ìgboyà láti sọ ọ́ kalẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn ti lọ ilé, mo ṣí ẹ̀yìn gíláàsì náà, mo sì fi bírò kọ 40 sí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò tóbi. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn ni yóò rí i.